Àyẹ̀wò ibà sọ ọ̀kan, ara ń sọ òmíràn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ara ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, gbóná janjan, gìrì sì gbé e. Lábù ní kòkòrò ibà tí àwọn rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣé kòkòrò díẹ̀ lè ṣe ọmọ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti lè gún un ní abẹ́rẹ́ artesunate, kí ẹ tó ka ìyókù. Ibà tó bá ti mú gìrì wá kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn oníhóró tọ́jú nílé.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kiri nìkan ni lábù rí. Plasmodium falciparum, tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ibà ilẹ̀ wa, máa ń lo bíi wákàtí 48 nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan. Nígbà tó ṣì kéré, sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí ṣì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Tó bá ti dàgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún awọ sẹ́ẹ̀lì náà ṣe, bí ayálégbé tó ń lu ògiri onílé láìgbàṣẹ. Á ti àwọn purotéènì tirẹ̀ jáde síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní KAHRP á mú kí kókó wínníwínní yọ lára awọ náà. Orí kókó wọ̀nyí ni purotéènì míì, PfEMP1, dúró sí, òun ló sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri inú òpó ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń tẹ̀, tó ń ká, kó lè gba inú òpó tó tín-ín-rín jù ú lọ, á wá le.

Ìdí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì ikùn, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá le kì í rí ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, kòkòrò tó dàgbà fara pamọ́ sínú òpó kéékèèké, títí kan ti ọpọlọ. Ibẹ̀ ni gìrì àti dídákú ti ń wá, iye tí lábù kọ sínú ìwé kò sì lè sọ iye tó fara pamọ́.

Ìbéèrè: Mo lo oògùn mi tán, ara mi ti yá, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ ní kẹ́míìsì ṣì fi ìlà méjì hàn. Ṣé kí n tún ra oògùn?

Ìdáhùn: Rárá o. HRP2, purotéènì tí kòkòrò náà ń tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ni púpọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò yẹn ń wá. Kòkòrò lè ti kú kí HRP2 ṣì wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ibà bá padà dé ni kí ẹ ní kí wọ́n fi maikirosikópù wò ó.

Ìbéèrè: Ibà kì í sábà ṣe mí. Kí ló dé tó fi wá ń dààmú mi nínú oyún àkọ́kọ́ yìí?

Ìdáhùn: Kòkòrò kan ṣoṣo ní bíi 60 jíìnì tó fi ń ṣe oríṣiríṣi PfEMP1, ó sì ń pààrọ̀ wọn. Láti kékeré ni ara yín ti ń kọ́ bó ṣe máa dá púpọ̀ mọ̀ nínú wọn. Àmọ́ ọ̀kan wà, VAR2CSA, tó jẹ́ pé inú ibi ọmọ ló ti ń rí ohun tó máa lẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò lóyún rí, ara rẹ̀ kò tíì bá a pàdé. Nínú oyún kejì tàbí ìkẹta, ara sábà máa ń gbógun tì í dáadáa. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè oògùn SP, tí aboyún fi ń dènà ibà, láti oṣù kẹrin, kí ẹ sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ibà kì í ṣe ẹni tó jẹ́ AS. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣe wọ́n. Èyí tó le gan-an, tó ń pa ọmọdé, ni kì í sábà ṣe wọ́n. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Anthony Allison, ti kọ nípa rẹ̀ láti 1954. Nínú sẹ́ẹ̀lì AS, kókó ara awọ kì í jáde dáadáa, PfEMP1 orí rẹ̀ kò sì pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ lè lẹ̀. SS kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: ibà lè tètè pa wọ́n.