Àṣìṣe táwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ń ṣe n'Ìkòròdú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá èèyàn to ibi iṣẹ́ sílé, láti Ìgbógbó títí dé Ìjẹ̀dé. Bí wọ́n ṣe ń fowó ṣòfò ń bí mi nínú. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ gosúló Mile 12, wọ́n wá ń jókòó sílé gbàìsàn.

Èkíní, awò ojú tí wọ́n ní ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù. American Academy of Ophthalmology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú l'Amẹ́ríkà, ò ní kẹ́nikẹ́ni rà á tìtorí kọ̀ǹpútà. Ẹ kì í ṣẹ́jú tó ni ojú yín fi ń gbẹ. Ní ìṣẹ́jú 20 síra wọn, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì, àga olówó ńlá, kí laptop wá wà nísàlẹ̀ tí ọrùn ń tẹ̀ wò ó. Ẹ fi ìwé gbé e sókè dé ojú, kẹ́ ẹ ra kíbọọ̀dù ọ̀tọ̀.

Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Jẹnẹrétọ̀ gan-an ló ń dùn mí. Ẹnì kan pè mí n'Ìgbógbó pé kọ̀ǹpútà ń fọ́ òun lórí. Mo bá awò tuntun lójú rẹ̀, sáṣẹ́ẹ̀tì Panadol lẹ́gbẹ̀ẹ́ mouse, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ti ń ké, èéfín sàlẹ́ńsà ti sọ ògiri di dúdú. Mo bi í pé ṣé orí ń fọ́ ọ bí NEPA bá mú iná wá. Ó ronú díẹ̀, ó ní rárá.

Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín yẹn, ò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá oníbàárà Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lóru lẹ̀rù yín ń bà mí jù: oorun lè gbé yín lọ lórí tábìlì, kí jẹnẹrétọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ má sì jí mọ́. Fèrèsé ṣíṣí ò tó. Ẹ má gbé e sí kọ́ridọ̀ tàbí fàráńdà. Ó kéré tán, kó jìnnà sílé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí sàlẹ́ńsà má kọjú sí yàrá yín tàbí ti aládùúgbò. Owó awò yẹn, wáyà gígùn tó nípọn ni kẹ́ ẹ fi rà.

Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jáde síta gbangba kíá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí yín, kí wọ́n má baà máa tọ́jú ibà.