Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọmọ Tòmátì àti Ata Lábẹ́ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kí Òjò Tó Dúró

Ní Kétu, òjò àkọ́rọ̀ a máa yọjú lóṣù Kẹta, àmọ́ ó di inú oṣù Kẹrin kó tó ṣeé gbọ́kàn lé. Tòmátì tó máa wọ oko nígbà náà, àárín oṣù Kẹta ni ká ti gbin hóró rẹ̀ sílé. Ata máa ń lọ́ra, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tirẹ̀, nítorí náà òun ni ká kọ́kọ́ gbìn.

Agolo tòmátì òfìfo tàbí ìdajì bìdọ̀ǹ òróró tó o. Ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ ni abọ́ méjì ilẹ̀ dúdú, abọ́ kan iyanrìn odò, àti abọ́ kan ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà débi pé kò rùn mọ́. Èyí tó ṣì tutù yóò jó gbòǹgbò. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi híhó lé e, kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó lò ó. Hóró méjì-méjì, kó má jìn ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ. Tòmátì á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 8, ata láàárín ọjọ́ 8 sí 14.

Omi gan-an ló ń pa wọ́n. Ẹ ó rí i láàárọ̀ pé èèhù tó nà ṣánṣán lálẹ́ àná ti dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wo ọrùn rẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, ó ti rí tínrín bí òwú, ó sì ti dúdú. Ohun tó jọ èyí tó ń mú búrẹ́dì bu ló mú un, ilẹ̀ tó ń rin gbindin láìsí atẹ́gùn ló sì ń fún un lágbára. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ da eérú sí i, kì í jí èyí tó ti ṣubú. Ẹ yọ ọ́ dànù tòun ti erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má ran èyí tó kù.

Nítorí náà, ẹ má bu omi lé èèhù lórí. Ẹ gbé agolo sínú abọ́ tómi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó fà á mu fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Àárọ̀ ni, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ tó tún fún un, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́: bó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bí òkè rẹ̀ tiẹ̀ gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá bò ó kó lè tètè hù, ọjọ́ tí èèhù àkọ́kọ́ bá yọrí ni kẹ́ ẹ ṣí i kúrò.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á. Èyí tó bá wà nínú òkùnkùn yàrá á ga fíofío, á tẹ̀. Bí méjèèjì bá hù, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tí kò lágbára. Bẹ́ ẹ bá fà á tu, ẹ ó já gbòǹgbò ìkejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa gbé wọn síta, wákàtí méjì lọ́jọ́ kìíní, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣí wọn lọ sóko, tàwọn ti erùpẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ri tòmátì mọ́lẹ̀ dé abẹ́ ewé rẹ̀ ìsàlẹ̀, torí igi rẹ̀ á ta gbòǹgbò. Ata kò fẹ́ bẹ́ẹ̀: bó ṣe jìn tó nínú agolo ni kó jìn tó lóko.