Bí mo ṣe ya òwìwí ní fọ́tò nínú ọyẹ́ Èkìtì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ jókòó sí ibi kan náà nírọ̀lẹ́, nínú ọyẹ́ oṣù kìíní, kí n tó rí fọ́tò òwìwí kan tí ọkàn mi gbà. Apá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni, láàárín òkè, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ abúlé náà. Wọ́n ṣì ń pa òwìwí lọ́dọ̀ wa. Kó ké lórí òrùlé lóru, kí ara àgbàlagbà kan má yá ní àárọ̀, òkò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ẹyẹ tó ń wá oúnjẹ ẹ̀ kiri ni wọ́n ń fi òwe yẹn mú.

Sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan ni mo ti rí i. Páànù rẹ̀ ti jẹ lápá kan, ohun funfun bí ẹfun sì ti ṣàn sára ògiri lábẹ́ igi àjà. Ìgbẹ́ òwìwí ni. Èyí kì í ṣe irú èyí tó ń dún hùú-hùú nínú igbó. Irú ìyẹn, mo gbọ́ takọtabo rẹ̀ tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn nínú igbó Ìkọ̀gòsì, ṣùgbọ́n n kò fojú kàn wọ́n. Ti inú sítọ́ọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní barn owl: ojú rẹ̀ funfun, ó rí bí ewé kókò kékeré, igbe ló sì máa ń ké, igbe tó ń ya etí. Mo gbà pé igbe yẹn gan-an ló kó o sí wàhálà.

Mo kọ́kọ́ lọ kí Bàbá tó ni sítọ́ọ̀ náà.

"Ọmọ mi, ẹyẹ àjẹ́ lo fẹ́ yà ní fọ́tò?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín ná."

Òwìwí kì í jẹ ẹran rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ bí àwòdì. Odindi ló ń gbé e mì, tó bá yá á pọ irun àti eegun rẹ̀ jáde ní ìṣù dúdú kan. Mo ṣa ìṣù kan nílẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi igi ìgbálẹ̀ tú u lórí ewé. Orí eku mẹ́ta ló jáde, eyín iwájú wọn pọ́n bí omi ọsàn, àti orí asín kan tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Bàbá fi ìka da eegun páárí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Àwọn tó ń jẹ kòkó mi lórí igi nìyí." Ó ní kí n máa wá, àmọ́ kí n yára, torí káfíńtà ń bọ̀ wá pààrọ̀ páànù.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Ilẹ̀ ti ṣú, ìkánjú mú mi, mo tan fláàṣì. Ojú tí Ọlọ́run dá fún òkùnkùn ni mo da iná bò. Ẹyẹ náà fò, ó forí gbá páànù, mo gbọ́ "gbàà", ó bá inú igbó lọ. Alẹ́ mẹ́ta ni kò fi yọjú. N kò sùn dáadáa ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà náà, n kò tan fláàṣì sí ẹyẹ òru mọ́.

Nígbà tó padà, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Mo fi àpò kòkó ta ìbòjú sáàárín igi méjì, nǹkan bíi mítà 20 sí ẹnu ihò tó ń gbà jáde, mo sì ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọyẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn yàwòrán láti òkèèrè. Eruku rẹ̀ á sọ gbogbo nǹkan di bí ẹ̀kọ mímu. Ojú lẹ́ǹsì náà, ẹ má fi aṣọ nù ún, yóò ha. Ẹ fẹ́ eruku náà dànù ná. Àárín aago 6:40 sí 7:00 nìkan ni ìmọ́lẹ̀ àti ẹyẹ jọ máa ń pàdé, nítorí náà mo ti fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì 300mm mi, tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, títí orí igi tó máa ń bà lé fi hàn kedere, kí àkókò tó tó. Mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 3200, mo jẹ́ kí ojú rẹ̀ là fún ìdá 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, mo sì ṣí ihò lẹ́ǹsì sí f/5.6. Mo so àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà kó má mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń gbọ́ ohùn bí ẹni ń hanrun láti àjà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, oúnjẹ ni wọ́n ń tọrọ. N kò gun òkè lọ wò wọ́n, ìyá lè kọ ìtẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá dà á láàmú. Mo dín wíwá mi kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo yà á, n kò gbọ́ ìró ìyẹ́ kankan. Etí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, kì í dún. Mo kàn rí i lórí igi, eku lẹ́nu. Ojú òwìwí kò lè yí nínú ihò rẹ̀, odindi orí ló ń yí. Eegun ọrùn tiwa jẹ́ 7, tirẹ̀ jẹ́ 14. Ó yí orí rẹ̀ kọjá èjìká, ó wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń hanrun, mo tẹ kámẹ́rà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ohun tí mo ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Bàbá mú kámẹ́rà náà, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un sẹ́yìn. "Èyí ń tọ́mọ," ló sọ. Ó béèrè ìgbà tí wọn yóò fò. Mo ní ó tó oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde látinú ẹyin. Ó gbójú sókè wo páànù tó jẹ náà, ó ní òjò àkọ́rọ̀ ṣì jìnnà, káfíńtà lè dúró.