Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Nígbà Tí Ọnà Kò Bá Wá Síni Lọ́kàn

Gbogbo ẹni tí ó ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun rí ni ó mọ ọjọ́ tí ọwọ́ máa ń kọ̀. Ẹ̀kọ láfún, èyí tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tí a bá fi ya ọnà sí, ti wà nínú abọ́, aṣọ ti wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọkàn ṣófo. Aṣọ tí mo ti bàjẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ohun tí mo sì ń ṣe níbi tí mo ti ń retí ìmísí ni ó bà wọ́n jẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a se ẹ̀kọ tán kí a tó jókòó máa ro ohun tí a fẹ́ yà. Ẹ̀kọ láfún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti tutù tán ni ó máa ń ki, tí kì í sì í ṣàn geere lẹ́nu ìyẹ́ mọ́. Ohun tí ó ń fa ìdádúró yìí ni èrò pé ọnà tuntun nìkan ni ó yẹ ọmọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa ya àwọn ọnà àtijọ́ bí Olókun àti Ìbàdàndún láìmọye ìgbà, tí wọ́n ń to òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, sí ojú aṣọ léraléra, tí òpó ti ẹnì kan kò sì jọ ti ẹnì kejì. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọnà tí ọwọ́ yín ti mọ̀.

Èyí tí ó burú jù ni kí a máa ha ẹ̀kọ tí ó ti kan aṣọ. Omi ẹ̀kọ náà ti wọ inú òwú ná, nítorí náà ibi tí a bá ha kì í mu aró dáadáa. Àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí yóò jáde níbẹ̀ sì máa ń tóbi ju àṣìṣe tí a ń sá fún lọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo ya ẹyẹ kan tí ọrùn rẹ̀ gùn bí okùn, mo sì fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ìyá tí ó ń kọ́ mi gbá mi lọ́wọ́, ó ní, "Fún un ní ìkejì." Ó ní kí n ya ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn náà sí ojú onígun mẹ́rin mẹ́ta mìíràn lára aṣọ náà. Ẹni tí ó rà á béèrè orúkọ ẹyẹ náà lọ́wọ́ wa, ìyá sì dá orúkọ kan lójú ẹsẹ̀. (N kò ní sọ ọ́ níbí, nítorí a ṣì ń tà á.)

Àwọn mìíràn máa ń fi ọnà wínníwínní kún gbogbo àyè láti bo àléébù mọ́lẹ̀, títí tí aṣọ kò fi ní ibi tí ojú lè sinmi sí. Àwọn mìíràn ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn wé àyédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀, èyí tí ìlà rẹ̀ tọ́ ṣánṣán. Ẹ̀rọ ni, kí ni a ń bá a dù?

Ẹ má sì ṣe dá aṣọ lẹ́jọ́ kí ó tó jáde nínú aró. Bí a ṣe ń rẹ ẹ́, tí a ń sá a, tí a tún ń rẹ ẹ́ ni ẹ̀kọ ń sán, tí aró sì ń gba ojú sísán náà wọlé bí iṣan ara ewé. Ìlà wíwọ́ tí ó kó ìtìjú bá ni lórí tábìlì lè má hàn mọ́ láàrin wọn. Bí ẹ bá fọ ẹ̀kọ kúrò tán tí aṣọ náà kò sì tíì wù yín, ẹ dá a padà sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ó funfun yóò di aró fẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí ó ti mu aró tẹ́lẹ̀ yóò sì dúdú sí i. Mo ti ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, owó rẹ̀ kò sì dín.