Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe iṣẹ́ béèsì 2, 8 àti 16

Ẹ wo ẹ̀rọ ìṣirò yín bóyá wọ́n kọ DEC (béèsì 10, ìyẹn bí a ṣe ń ka nọ́ńbà lójoojúmọ́), HEX (béèsì 16), BIN (béèsì 2, 0 àti 1 nìkan) àti OCT (béèsì 8) sí òkè àwọn bọ́tìnì kan. Bí kò bá sí, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn: ẹ̀rọ ìṣirò inú kọ̀ǹpútà Windows ní abala kan tó ń jẹ́ Programmer, ọ̀fẹ́ sì ni. Casio fx-991ES PLUS ni èmi ń lò, òun ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ tẹ MODE, ẹ tẹ 4. Bọ́tìnì x² ti di DEC nìyẹn, log di BIN, ln di OCT. Fún HEX, tó ń lo lẹ́tà A dé F fún 10 dé 15, sin ni D, cos ni E, tan ni F.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ló kàn. Mo jókòó ti ẹnì kan tó fẹ́ mọ iye tí 1010 béèsì 2 jẹ́ ní béèsì 10. DEC ló wà lójú ẹ̀rọ, kò wò ó. Ó tẹ 1010, ó tẹ =, ó wá tẹ BIN. 1111110010 ló yọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe o: ẹgbẹ̀rún kan lé mẹ́wàá ló rò pé wọ́n fún òun, òun náà ló sì yí padà.

Béèsì nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. BIN, 1010, =, lẹ́yìn náà DEC: 10 ló máa yọ. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan, ẹ ka ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lójú ẹ̀rọ, kí ẹ kà á sókè. Ẹ tẹ AC kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ sì kọ béèsì sí ẹsẹ̀ nọ́ńbà lórí ìwé, nítorí orí a máa gbàgbé.

Bí béèsì méjì bá pàdé nínú ìṣirò kan, ẹ tẹ SHIFT àti 3, ẹ fi ọfà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ yan h (HEX) fún 1F àti b (BIN) fún 101, kí ẹ fi + sáàárín wọn. Bí DEC bá wà lójú ẹ̀rọ, àròpọ̀ wọn á jẹ́ 36. Ẹ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: 16 àti 15 jẹ́ 31, ẹ fi 5 kún un.

BIN kò gbà ju àmì 0 àti 1 mẹ́rìndínlógún lọ. Bí 32768 bá fún yín ní Math ERROR níbẹ̀, HEX ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ tẹ MODE, ẹ tẹ 1. Bí ẹ bá ṣì wà ní MODE 4, 7÷2 á fún yín ní 3 péré, torí ó máa ń gé ìdá kù dànù.