Bí ẹ ṣe lè dá àlejò mọ̀ kí ẹ tó gbà á sórí WhatsApp àdúgbò

Ní Ìkòròdú, láti Ìgbógbó títí dé Ìmọ̀ta, ayálégbé ń kó dé, òmíràn ń kó jáde. Kì í pẹ́ tí gúrúùpù àdúgbò fi ń kún fún ẹni tí onílé kankan ò mọ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ta ló rìnrìn àjò, ìgbà wo ni ọlọ́dẹ kì í wá, àkáǹtì wo ni owó ẹ̀ṣọ́ ń wọ̀.

Líǹkì tí èèyàn fi ń wọ gúrúùpù ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹnì kan á fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, àbúrò á fi sọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó di ti gbogbo ayé. Kí alámòójútó wọ inú ètò gúrúùpù, kó tan “Approve new members”, kí ẹnikẹ́ni má lè wọlé láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Kó wá tẹ “Reset link” kí líǹkì àtijọ́ má ṣiṣẹ́ mọ́. Kí alámòójútó tó mẹ́ta; bó bá jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ á pọ̀ jù fún un, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo ẹni tó bá ti kanlẹ̀kùn.

Orúkọ, òpópónà àti nọ́ńbà ilé, orúkọ onílé tàbí kiatéká: ìyẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àlejò tó fẹ́ wọlé. Ẹ wá pe onílé náà lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹ má pe èyí tí àlejò fi ránṣẹ́, torí oníjìbìtì lè ti fi ẹni tí yóò dáhùn síbẹ̀. Ẹ pe àlejò náà, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ má gba NIN tàbí fọ́tò káàdì ìdánimọ̀. Nọ́ńbà 11 yẹn kò sọ bóyá èèyàn ń gbé ní òpópónà yín, bí fóònù alámòójútó bá sì sọnù, ti gbogbo àdúgbò bá a lọ.

Èyí tó ń tan èèyàn jù ni ará àdúgbò tó ní òun ti yí nọ́ńbà padà. Fọ́tò rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni, ó tún ń kí yín bó ṣe máa ń kí yín. Gbogbo ìyẹn kò ṣòro jí. Ẹ pe nọ́ńbà àtijọ́; bí kò bá wọlé, kí ẹni tó sún mọ́ ọn lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó gbà á, kí ẹ sì yọ ti àtijọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ti dá àlejò mọ̀ tán, ẹ kí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí a wádìí bí ọ̀daràn, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé káàbọ̀, kò ní lanu lọ́jọ́ tó bá rí àjèjì létí ògiri yín. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ má da ogún òfin lé e lórí. Irú èyí tó:

“Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Inú wa dùn pé ẹ wá bá wa gbé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù là ń san owó ẹ̀ṣọ́. Ọwọ́ akápò ni kí ẹ fún, lójúkojú. Bàbá Mùsìlíù, tí ilé wọn kọjú sí tiyín, máa yà kí yín nírọ̀lẹ́. Bí iná bá sọ tàbí olè dé, ẹ pe 112 tàbí 767. Bí WhatsApp bá fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwa alámòójútó.”

Ẹni tó bá gba nọ́ńbà mẹ́fà yẹn lè ṣí WhatsApp àlejò náà lórí fóònù mìíràn, kó máa fi orúkọ àlejò yáwó káàkiri. Ẹ bá àlejò tan “Two-step verification”, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tó máa yàn fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá yà kí i. Ẹ má kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ sójú gúrúùpù, ẹ má sì sọ pé òun nìkan ló ń gbé.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn onílé ẹni tó ti kó jáde. Ẹ kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́.