Apá ẹlẹ́dẹ̀ yíyan, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti elégédé: ìrírí mi ní Àgbowó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ìlú Ọba wálé ní oṣù kẹwàá, ìgbà àrọ̀kúrò, tí òjò Ìbàdàn máa ń rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére. Kò ju ọjọ́ kẹta lọ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó ní lásìkò yìí lọ́hùn-ún, ewé igi ti pọ́n, ó ti ń wọ́, ápù àti píà ti kún ọjà, tó bá sì di ọjọ́ Àìkú wọ́n á yan apá ẹlẹ́dẹ̀ tòun ti awọ ẹ̀, wọ́n á kó èso àti elégédé yí i ká nínú páànù kan náà. “Àkànní, ìwọ lo mọ oúnjẹ sè nínú ilé yìí. Ṣé o ò lè ṣe é fún mi?” Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbọ́n mi á mọ̀ pé ìbéèrè kọ́ nìyẹn.

Ẹran ló kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́. Mo wọ máíkírà lọ sí Bódìjà, mo bi alápatà kan léèrè. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò mí. “Bọ̀ọ̀dá, màálù là ń tà níbí o.” Kò bínú, àwọn tó wà nítòsí ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló júwe bàbá kan fún mi lọ́nà Mọ́níyà, tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tó sì ń pa á tà lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́dọ̀ wa, iná ni wọ́n sábà máa ń fi jó irun ara ẹlẹ́dẹ̀. Mo bẹ bàbá náà kó fi omi gbígbóná fá tèmi, torí awọ gan-an lẹ̀gbọ́n mi ń lé, mi ò sì fẹ́ kó máa rùn èéfín. Ó ṣe é, ó kàn ń kùn pé àwọn ará ilé ìwé ti pọ̀ jù ní Àgbowó.

Kí n tó ra odidi apá, mo ti kọ́kọ́ ra ẹran díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú láti fi dánra wò, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, mo gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Èrò mi ni pé adùn ọ̀pẹ̀ á wọnú ẹran. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ara ẹran náà ti rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, ìka mi wọ inú ẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ẹ̀kọ. Mo sun ún bẹ́ẹ̀, kò dùn ún jẹ rárá, ó dà bí ìyẹ̀fun lẹ́nu. Ohun tó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, tó máa ń ta wá láhọ́n tá a bá jẹ ẹ́ jù, òun náà ló ń jẹ ẹran. Ó yẹ kí n ti mọ̀, torí ìyá wa máa ń fi ewé ìbẹ́pẹ wé ẹran tó bá gbó kó lè tètè rọ̀, irú agbára kan náà ló wà níbẹ̀. Iná ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ò fi gbọ́dọ̀ kan ẹran títí ìgbà tí ẹran bá ti jinná tán.

Píà ni ìtìjú tó kàn. Mo bi ìyá kan ní Bódìjà bóyá ó ní píà, ó ní ó wà. Mo ra mẹ́ta, mo gbé e wálé. Ẹ̀gbọ́n mi tú láílọ́ọ̀nù wò, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀. Píà tiwa ni mo rà, aláwọ̀ ewé, olóròóró, tó ní kóró ńlá nínú, èyí tá à ń fi jẹ búrẹ́dì. Píà tòun jẹ́ ìbátan ápù, ó kún fún omi, ó sì dùn bí ṣúgà. Tiwa kò ṣe é yan, iná máa ń mú un korò. A fi jẹ búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó rọ́pò píà tirẹ̀. Ápù ò nira ní tiẹ̀: àwọn ọmọ tó ń kiri láàárín ọkọ̀ ní Mókọ́là ń tà á. Aláwọ̀ ewé tó kan díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kíkan yẹn ló máa ń gé ọ̀rá ẹran lẹ́nu. Ìyókù ni ànàmọ́, elégédé, àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fi aṣọ mímọ́ nu apá ẹlẹ́dẹ̀ náà gbẹ, kílò 3 tòun ti eegun. Mo fi abẹ tuntun fa ìlà sí awọ ẹ̀ lára, ìlà kọ̀ọ̀kan kò jìnnà sí ìkejì ju fífẹ̀ ìka kan lọ. Abẹ gbọ́dọ̀ la awọ àti ọ̀rá abẹ́ ẹ̀, kó má kan ẹran, torí tí omi ẹran bá ń gba ojú ìlà yọ, awọ ò ní gbẹ. Mo fi iyọ̀ ra awọ náà dáadáa, mo gún aáyù, ata ilẹ̀, ata gbígbẹ àti ewé efínrín díẹ̀ pọ̀, mo fi ra ìsàlẹ̀ níbi tí kò sí awọ. Mo gbé e sínú fíríìjì láì bò ó, kí atẹ́gùn tútù lè fa omi ara awọ. Wọ́n mú iná lóru, wọn ò dá a padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Yìnyín tó wà lókè ló ṣì ń mú inú ẹ̀ tutù, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn mìíràn ni mi ò bá máa sọ.

Gáàsì wa ní ààrò onílẹ̀kùn nísàlẹ̀, èyí tí ìyàwó mi sọ di ibi ìkó-ìkòkò-sí. Mo kó gbogbo ẹ̀ jáde ní aago mẹ́sàn-án, mo tan iná ẹ̀ sí kékeré. Nǹkan bí 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ẹ̀gbọ́n mi ní kó wà. Tiwa ò ní nọ́ńbà kankan lára, à ń fojú bù ú ni. Mo to àlùbọ́sà tí mo gé nípọn sí ìsàlẹ̀ páànù, mo bu ife omi kan sí i, mo gbé ẹran lé e, awọ lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó tó wákàtí 4.

Ẹ̀gbọ́n mi mú irin ṣóńṣó kan bọ̀ látọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n máa ń gún mọ́ ẹran kó lè sọ bí inú ẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó ní ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé 63 ti tó fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn ò lọ̀, téèyàn bá jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 3. Mo ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń rìn káàkiri tó sì ń jẹ ìgbẹ́ èèyàn lè gbé ẹyin aràn pẹlẹbẹ mì, ọmọ aràn náà á sì máa gbé inú ẹran ara ẹ̀, iná tó kún ló ń pa á. Yàtọ̀ sí èyí, apá kò lè rọ̀ ní 63. Iṣan pọ̀ nínú ẹ̀, ó dìgbà tó bá súnmọ́ 90 kí iṣan yẹn tó yọ́, bí ẹsẹ̀ màálù tó pẹ́ lórí iná ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ni létè. Lẹ́yìn wákàtí 3, mo da ànàmọ́, kárọ́ọ̀tì àti elégédé sínú ọ̀rá tó ti sun sí páànù. Mo jẹ́ kí ìdajì wákàtí kọjá kí n tó kó ápù àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ápù á di àsáró.

Irin náà fi 89 hàn. Ẹran ti rọ̀, òórùn ti gba gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n awọ ò ta. Ó kàn ń dán, ó le bí rọ́bà. Ìsàlẹ̀ nìkan niná ti ń wá nínú ààrò wa, kò sí nǹkan kan lókè. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo awọ yẹn.

Mo rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń yan kéèkì nínú ìkòkò láyé àtijọ́: ẹ̀yin iná nísàlẹ̀, ẹ̀yin iná lórí ọmọrí. Àlàájà tó ń sun bọ̀ọ̀lì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo mú àwo irin dání, mo kí i, mo sì ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́, títí kan irú ẹran tó jẹ́. Ó fi ẹ̀mú yí bọ̀ọ̀lì méjì kan dà, ó ronú díẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin iná kì í ṣe ẹran. Ẹ gbé àwo wá. Ṣùgbọ́n ẹ má dá èyí tó bá ṣẹ́kù padà síbí o.”

Mo gbé ẹran nìkan sínú ìkòkò irin gbígbẹ, mo fi ọmọrí irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ bò ó, mo da ẹ̀yin iná pupa lé e lórí. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 5 tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: tá, tá, tàràtàrà, bí àgbàdo tó ń búgbàù. Nígbà tí mo ṣí i ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, awọ ti wú ní roro-roro, ó ti pọ́n bí àkàrà, etí ẹ̀ kan ti jó díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀bẹ kàn án, ó dún kóú. Etí tó jó yẹn ló kọ́kọ́ ṣẹ́ jẹ.

Mo ti yan elégédé, ànàmọ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀ sọ́tọ̀ láàárọ̀, kí ẹran tó wọ ààrò, nínú páànù tuntun, òróró ẹ̀pà ni mo fi ra á. Ìyẹn ni mo gbé lọ fún Àlàájà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọ̀rá kankan kàn án, mo ní rárá. Ó mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ó jẹ ẹ́, ó wo ìyókù, ó sì to ègé mẹ́ta sórí wáyà ẹ̀ láàárín bọ̀ọ̀lì, ó ń fẹ́ iná sí i.

“Ẹ ò tètè sọ,” ló wí.

Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, odidi ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀.